Ìtọ̀ Ta Ló Wà Nínú Ìgò Yẹn?

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta, 1988.

Ràódàt Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ìlú òyìnbó ńkọ́? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Bàbá rẹ wà ní Ọ̀yọ́, ó ń bá awọ rẹ̀ jà, ó ní kí n kí ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìwé rẹ, ṣé wọ́n ti so ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ ni? Bí ìlà mi bá wọ́, orí itan ni mo ti ń kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà kò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbúrò rẹ Hajarat ti bímọ! Akọ ni, lọ́jọ́ Àìkú. Imú bàbá rẹ ló gbé wá. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń pè é ní Jésùtófúnmi. Èmi náà ń pè é ní Mubaraq sí i létí bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. O mọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí Káyọ̀dé, ọkọ Hajarat, ti ní ọmọ Ìmàle Ọ̀yọ́ lòun máa fẹ́, ni ìyá rẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò fi sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bú mi rí o. Ẹ̀rín ló máa ń rín, ẹ̀rín yẹn ló sì ń bí mi nínú.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ya púpọ̀ lára àbúrò rẹ lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo ara rẹ̀ funfun. Dókítà ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n yẹ tèmi wò, wọ́n ní èmi gan-an ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Oyèrónkẹ́, àbúrò Káyọ̀dé, ló na apá sílẹ̀ tí wọ́n fa tirẹ̀. Ni Ìyá Káyọ̀dé bá wò mí, ó ní, "Ìyá Ràódàt, ẹ̀jẹ̀ ilé wa náà ló máa gbé e dìde." Mo ní wọ́n ṣeun.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n so ẹ̀jẹ̀ náà. Kò tíì dé ìdajì tí Hajarat fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ó ní ẹ̀yìn òun fẹ́ já, àyà ń há òun. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Nọ́ọ̀sì sáré yọ okùn náà. Dókítà Akínpẹ̀lú, ọmọdé kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, fi ìgò kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ìtọ̀ tó bá kọ́kọ́ tọ̀ báyìí, ẹ bá mi gbé e wá." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbé póò sí i lábẹ́. Ràódàt, ohun tí mo rí! Ó pọ́n, ó ṣú, bí omi pòròpórò ọkà bàbà tí bàbá rẹ fi ń pa awọ láró. Má sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni. Mo ti bímọ, mo mọ ẹ̀jẹ̀ ìbímọ. Èyí pọ́n látòkè délẹ̀. Mo ní, àtọ̀sí rèé! Ìyá Káyọ̀dé sì nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka Bíbélì. Bí wọ́n bá gbé ìgò yẹn kọjá lójú rẹ̀, tí wọ́n bá wá ké e jáde pé àtọ̀sí ló ń ṣe ìyàwó, ó parí. Wọ́n á bèèrè ibi tó ti kó o. Wọ́n á bèèrè irú ilé tó ti jáde.

Ìyá rẹ kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Mo da ti inú póò sí ṣáláńgá, mo ṣan póò, mo sì tọ̀ sínú ìgò náà fúnra mi. Tèmi mọ́ lóló. Mo dé e, mo nù ún, mo gbé e gba iwájú Ìyá Káyọ̀dé kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó lè wò ó dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ni dókítà padà dé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìtọ̀ náà mọ́, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló fa gbígbọ̀n yẹn, ibà ni. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ibà. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nọ́ọ̀sì ń so ìyókù ẹ̀jẹ̀ náà, tí wọ́n ti gbé sí fíríìjì, padà sí i lápá. Bí a bá délé, màá wá àgbo àtọ̀sí fún un ní bòókẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bàbá rẹ gan-an kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bá mi fi aṣọ òtútù ọmọ tuntun ránṣẹ́, aláwọ̀ funfun. Ẹnì kan ń lọ sí Èkó láti ìdíkọ̀ Tákìé níbí lówùúrọ̀, òun ni màá fún ní ìwé yìí kó bá mi jù ú sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ràódàt.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 1988.

Ràódàt ọmọ mi,

O kú òtútù. Mo mọ̀ pé ìwé mi àkọ́kọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbí. Àárín àwọn àna ni mo wà, ẹnu mi kò gbà á.

Ara àbúrò rẹ kò yá. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà pọ́njú mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Ohun tó bá jẹ, ó ń bì í. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti so ìyókù ẹ̀jẹ̀ yẹn, kò tọ̀ mọ́. Lánàá wọ́n tún gbé ìgò wá fún mi. Mo gbé póò sí i lábẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, kò sí ohun tó kán sí i.

Dókítà wá dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Káyọ̀dé wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Oyèrónkẹ́ gbé ọmọ dání. Dókítà ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ìtọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé òun gan-an ló tọ̀ ọ́?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Dókítà, ta ni ìbá tún tọ̀ ọ́? Àbí èmi ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun.

Wọ́n ń sọ pé àwọn máa gbé e lọ sí Ìbàdàn bí Káyọ̀dé bá rí ọkọ̀. Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ló lè fà á tí ènìyàn kò fi ní tọ̀? Ṣé àtọ̀sí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Dá mi lóhùn kíákíá.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta, 1988.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọmọ tuntun, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ dákun, n kò ní lè kí yín bó ṣe yẹ. Ìwé yín dé láàárọ̀ yìí. Ìdúró ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti parí rẹ̀.

Màmá, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ má ka ìwé yìí tán kí ẹ tó dìde. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ sọ fún un pé ìtọ̀ yín ló yẹ̀ wò.

Kì í ṣe àtọ̀sí. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti ara ẹni mu sí ènìyàn lára, ara á gbógun tì í. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa fọ́, pípọ́n rẹ̀ á sì gba kíndìnrín bọ́ sínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ àkọ́kọ́. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ló dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sí ìsàlẹ̀, omi òkè á tòrò. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ni, kò ní tòrò láéláé. Á pọ́n látòkè délẹ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé yín gẹ́lẹ́. Ẹ rí i, Màmá! Ojú yín ti rí ohun tí dókítà ń wá, ẹ sì dà á sí ṣáláńgá nítorí Ìyá Káyọ̀dé tó ń ka Bíbélì.

Pẹ̀lú ìgò yẹn, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n so ìyókù ẹ̀jẹ̀ náà ni. Ẹ kò mọ̀, mo gbà pé ẹ kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò bèèrè.

Ẹ kò kọ orúkọ ilé ìwòsàn, n kò lè pè wọ́n. Mo ti sáré lọ fi wáyà ránṣẹ́ sí Bàbá ní Ọ̀yọ́. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: Ìtọ̀ Màmá ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ti Hajarat. Ẹ̀jẹ̀ kò bá a mu. Ẹ sọ fún dókítà lónìí. Mo mọ̀ pé ojú máa tì yín. Kí ojú tì yín, Màmá. Kí àbúrò mi wà láàyè.

Ọmọ yín,
Ràódàt.


Leeds,
Ọjọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 1988.

Màmá,

Ìwé yín kejì dé lónìí. Dókítà bi yín léèrè lójúkojú. Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín pé kí ẹ wọlé, ẹ sì rẹ́rìn-ín.

N kò lè kọ jù báyìí lọ. Mo ti fi aṣọ òtútù ọmọ náà ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, funfun ni. Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ó ti tọ̀.

Ràódàt.


Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹrin, 1988.

Ràódàt,

Àsàlámù aláékùm. Ìnnà lílàhì wa ìnnà iléhì rájíúnà. Hajarat ti lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá ni. Káyọ̀dé rí ọkọ̀, a gbé e sí ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà láyà mi, a forí lé Ìbàdàn. Ó ń sọ̀sọkúsọ. Bí a ṣe wọ Ọ̀yọ́, ọrùn rẹ̀ yẹ̀. Mo ní kí dírébà yà sílé wa, kò sí ohun tí a fẹ́ lọ ṣe ní Ìbàdàn mọ́. Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ la sin ín sí. Wọ́n máa ń kí abiyamọ tí ọmọ tuntun bá kú mọ́ lọ́wọ́ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Tiwa, agbè ló fọ́.

Ọjọ́ kejì tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni wáyà rẹ dé. Bàbá rẹ kà á, ó ká a, ó fi sápò. Kò bú mi. Láti ọjọ́ náà kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi. Ìwé rẹ náà dé lánàá, mo kà á. O ní n kò bèèrè. Ta ni ìbá dá mi lóhùn? Ọmọdé yẹn ju ìgò sí mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣé ó sọ fún mi pé ẹ̀mí ọmọ mi ló wà nínú ìtọ̀? Ìwọ náà wà ní ìlú òyìnbó, o ń fi ẹ̀rọ yí ìtọ̀ ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?

Àwọn àbúrò bàbá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ Oyèrónkẹ́ ló pa á. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ló wà lára rẹ̀. Nígbà tó wá kí wa kú ìrọ́jú, wọ́n fi èpè lé e jáde, ó ń sunkún lọ. Mo jókòó níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà ti gbọ́, wọ́n ti ń fà sẹ́yìn. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Òkú kì í jí.

Ọmọ wà lọ́dọ̀ Ìyá Káyọ̀dé. Bá mi kọ̀wé sí Káyọ̀dé, ó máa ń bọ̀wọ̀ fún ọ. Sọ fún un kó jẹ́ kí n wá mú ọmọ náà tọ́. Òun nìkan ni mo ní kù lára Hajarat.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹrin, 1988.

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ààwẹ̀. Mo sunkún tán kí n tó mú bírò, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo wà, bí ẹni tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára bá gbọ̀n, èmi ni mò ń gba ìtọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi ń gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mo ti ṣe é fún àwọn tí kò lè pe orúkọ mi tọ́. Lánàá mo gbé ọ̀kan lọ, mo kàn dúró sí kọ́rídọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Oyèrónkẹ́ kò burú. Ẹ̀jẹ̀ dáadáa ni, kò kàn bá ti Hajarat mu ni. Ẹni tó yẹ kó fi méjèèjì wé ara wọn kò ṣe é dáadáa, ẹ̀bi ilé ìwòsàn nìyẹn, n kò sì ní dì í rù yín. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn ni ìbá tú àṣìṣe wọn fó lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà nínú àpò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, Màmá. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé Oyèrónkẹ́ náà jáde.

Ọmọbìnrin yẹn ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi. Ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un lójú ìyá rẹ̀. Ẹ ní kí n kọ̀wé sí Káyọ̀dé. Màá kọ ọ́. Bí ààwẹ̀ bá parí tí ẹ kò tíì lọ, ẹ mọ ohun tí màá kọ sínú rẹ̀.

Ràódàt.


Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Karùn-ún, 1988.

Ràódàt, ọ̀gá mi,

Ẹ kú àṣẹ o. Ìgbà wo lo di alùfáà mi tí o fi ń dá ọjọ́ fún mi? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sí oko ẹ̀wà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò lágbára! Ìwé tí mo forí ṣe fọrùn ṣe kí o lè kà lo wá fi ń nà mí.

Ṣé o rò pé n kò gbìyànjú ni? Mo lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sọ̀ ní Tákìé, mo jókòó sẹ́bàá àwọn tó ń ta bàtà, ẹsẹ̀ mi kọ̀ kò gbé mi dé ilé wọn. Ibẹ̀ ni Oyèrónkẹ́ bá mi. Ó rù. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Màmá, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn Bàbá, n kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi burú." Mo ní kó dìde. Mo ní Ọlọ́run á fún wa ní sùúrù. Mo wọ ọkọ̀ padà sílé.

Bí mo bá sọ ọ́, n kò ní rí ọmọ yẹn mọ́. Ṣé o gbọ́? Wọn kò ní jẹ́ kí n fojú kàn án. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, má kọ ìwé yẹn.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 1988.

Màmá,

Ẹ kú ọdún. Ọmú tí ẹ fi bẹ̀ mí, Hajarat náà mu ún.

Ó kúnlẹ̀ fún yín nínú eruku, ó ní ẹ bá òun bẹ̀bẹ̀! Mo ti kọ ọ́. Ọjọ́ kan náà ni mo jù ú sí ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Mo bẹ Káyọ̀dé pé kó má fi ọmọ dù yín. N kò mọ̀ bóyá yóò gbọ́.

Ràódàt.


Ọ̀yọ́,
Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Keje, 1988.

Ràódàt,

Àsàlámù aláékùm. A ṣe Ìleyá, kò dùn.

Káyọ̀dé mú ìwé rẹ wá sí Ọ̀yọ́. Ó kà á fún bàbá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ń gbọ́ láti inú yàrá. Kò pariwo. Mo fẹ́ kó pariwo. Àwọn àbúrò bàbá rẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Oyèrónkẹ́, àgbàlagbà bíi tiwọn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti padà wá. Inú rẹ dùn báyìí, àbí?

Ìyá Káyọ̀dé ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ ilé wọn mọ́. Ó ní ọmọ kò ní dé Ọ̀yọ́, pé bí mo bá fẹ́ rí i, kí n wá dúró ní Tákìé, wọ́n á gbé e wá bá mi. Mo dúró. Mo lọ lánàá, mo dúró lẹ́bàá àwọn oníbàtà náà. Ta ló gbé e wá? Oyèrónkẹ́ ni. Kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá," ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró tì mí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ mi.

Ó ti wúwo. Ojú Hajarat ló fi ń wò mí. Aṣọ funfun tí o fi ránṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti fẹ́ kéré jù fún un. Mo pè é ní Mubaraq sí i létí. Oyèrónkẹ́ gbọ́. Ó ní, "Jésùtófúnmi ni, Màmá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló ti tọ̀ sí mi lára. Bí ọmọ bá tọ̀ síni lára, ẹ̀rín là ń rín. Mo bojú wo Oyèrónkẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n gbà á." Mo gbé e fún un, mo wọ ọkọ̀.

N kò tíì dárí jì ọ́. Ìwọ náà má kọ̀wé sí mi pé o ti dárí jì mí, n kò bèèrè. Bàbá rẹ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìrun Alásárì ti tó, mo sì mọ̀ pé n kò lè fi ìró tí ọmọ tọ̀ sí kírun. Mo ti pọn omi kalẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀. Láti àná tí mo ti dé, n kò tíì fọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ.